Ogun Gidi àbí Fàájì: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Yan Eré Ìbọn

Nínú àwọn yàrá géèmù Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, láti Ouando títí dé etí ọ̀sà, àti láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lọ lo ìsinmi ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán bọ̀rọ̀: ṣé eré ìbọn tí ó jọ ogun gidi ni ó dára jù, àbí èyí tí wọ́n ṣe fún fàájì? Àwọn apá kan á ní ọmọdé ni ó ń fi Call of Duty ṣeré, pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá là yóò lọ sí Arma tàbí Squad. Àwọn apá kejì á ní ẹni tí ó bá fẹ́ rin igbó fún ogún ìṣẹ́jú kí ó tó rí ọ̀tá kan ṣoṣo, kí ó kúkú lọ bá àwọn ọdẹ Kétu kọ́ṣẹ́. Àpárá ni, ṣùgbọ́n owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mẹ́gà íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wákàtí iná mọ̀nàmọ́ná náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ yan mọ ohun tí ó ń yàn gan-an.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi àwòrán ṣe ìwọ̀n: bí koríko ṣe ń mì, bí irin ìbọn ṣe ń dán, bí òógùn ṣe ń ṣàn lójú ọmọ ogun. Ìwọ̀n yẹn kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́, nítorí pé kò sí eré ńlá kan tí ó jáde lẹ́nu ọdún mẹ́wàá yìí tí àwòrán rẹ̀ kò dára. Ìbéèrè kan ni èmi fi ń ya àwọn eré wọ̀nyí sọ́tọ̀, òun náà ni mo sì máa lò níhìn-ín: bí ẹ bá kú nínú eré náà, kí ni ikú yẹn yóò gbà lọ́wọ́ yín?

Ohun tí ikú ń gbà

Nínú Call of Duty, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni ikú ń gbà nínú ìjà ikọ̀ sí ikọ̀. Ẹ ṣubú, ẹ tún dìde ní ibòmíràn lórí ilẹ̀ ìjà kan náà, ìbọn yín sì wà lọ́wọ́ yín bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ọta bá bà yín tí ẹ kò kú, tí ẹ sì rí ògiri sá sí, ara yín yóò yá fúnra rẹ̀; Call of Duty 2 ni ó mú ètò yìí wọ inú eré náà ní ọdún 2005, ọ̀pọ̀ eré mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Kò sí ogun kan lábẹ́ ọ̀run tí ọgbẹ́ ìbọn ti ń jinná kí ènìyàn tó mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ yìí ni ó gbé adùn eré náà ró. Nítorí pé ikú kò wọ́n, ohun gbogbo ni ènìyàn lè dán wò: ẹ lè fò gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ lè sáré bá ọ̀tá mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀bẹ, ẹ lè gbé ìbọn tí ẹ kò lò rí. Bí ó bá yọrí, yàrá yóò kígbe. Bí kò bá yọrí, wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Counter-Strike ti gbówó lé ikú díẹ̀. Eré yìí, tí àwọn eléré fúnra wọn kọ́kọ́ ṣe gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe sí eré mìíràn ní ọdún 1999, tí ó sì di Counter-Strike 2 ní ọdún 2023, pín ìjà sí ìpele kúkúrú. Ẹni tí ó bá kú yóò jókòó wo àwọn tí ó kù títí ìpele yóò fi parí, ìpele kan kò sì ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìbọn rẹ̀ ti lọ, owó inú eré ni yóò sì fi ra òmíràn. Bí owó náà kò bá tó, ìbọn ìléwọ́ ni yóò gbé lọ pàdé àwọn tí wọ́n gbé AK. Ìnira kékeré yìí nìkan ti tó láti sọ ẹni tí ń sáré di ẹni tí ń yọ́ rìn.

Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Squad, tí ilé-iṣẹ́ Offworld Industries ti Kánádà parí ní ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Àádọ́ta eléré ni ó ń kọjú ìjà sí àádọ́ta, wọ́n sì pín ara wọn sí ọ̀wọ́ tí kò ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ, olórí kan fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọta bá bà yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ṣubú, yóò dùbúlẹ̀ títí olùtọ́jú ọgbẹ́ yóò fi rá pálá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí olùtọ́jú náà kò bá tíì kú. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dé, yóò padà sí ibùdó kékeré tí ikọ̀ rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá ti wó ibùdó náà, ìdí ilé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí yóò ti wá ọkọ̀ tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè bá ọta kan ṣoṣo lọ báyìí. Hell Let Loose, tí ó mú Ogun Àgbáyé Kejì, ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ènìyàn ọgọ́rùn-ún lórí ilẹ̀ kan, ìjà kan lè gba wákàtí kan àbọ̀, ọta ìbọn gbọọrọ kan sì tó pa ènìyàn. Ní ti Arma, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ń ṣe é máa ń pinnu pé ẹni tí ó bá kú, ó kú nìyẹn, yóò máa wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ alẹ́ náà yóò fi parí.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ìwà ènìyàn. Ọmọkùnrin kan náà tí ń fò káàkiri nínú Call of Duty, ẹ gbé e wọ Squad, yóò dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ògiri, yóò máa tẹ́tí, yóò máa bi olórí ọ̀wọ́ rẹ̀ léèrè kí ó tó ré títì kọjá. Àwòrán kọ́ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí yóò pàdánù bí ó bá kú ni ó kọ́ ọ.

Èyí ni ó mú mi gbà pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìjọra pẹ̀lú ogun gidi, ìbẹ̀rù ikú ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ìbẹ̀rù yìí sì lè wà láìsí ìjọra kankan. PUBG ni ẹ̀rí mi. Brendan Greene, ọmọ Áyálándì, ni ó dá irú eré yẹn sílẹ̀ láti inú àwọn àtúnṣe tí ó ṣe sí Arma, kí PUBG fúnra rẹ̀ tó jáde ní ọdún 2017. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń já láti inú bàálù, ẹ̀mí kan ṣoṣo ni ẹni kọ̀ọ̀kan ní, ẹni tí ó kẹ́yìn ni ó borí. Nínú eré yìí, páànù ìdín-nǹkan tí ènìyàn gbé kọ́ ẹ̀yìn lè dá ọta ìbọn dúró! Kò sí ológun tí yóò gbà pé èyí jọ ogun. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá ku ènìyàn mẹ́ta, ọwọ́ ẹni tí ó bá mú fóònù á máa gbọ̀n. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ìgbọ̀nrìrì yẹn ni ẹ fẹ́, ẹ kò nílò láti ra eré tí ń ṣírò ìwúwo bàtà yín.

Ọta, ìró àti ọ̀nà jíjìn

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìṣirò náà gan-an ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì tọ̀nà láti fẹ́ ẹ. Ọta AK-47 máa ń jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré tí ó tó nǹkan bí mítà 715 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀tá bá wà ní mítà 300, bíi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ọta yóò lò lójú ọ̀nà, kí ó sì tó débẹ̀, yóò ti já wálẹ̀ ju mítà kan lọ sí ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí. Ẹni tí ń sá eré mítà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá yóò sì ti kúrò níbi tí ó wà, yóò ti lọ síwájú ní mítà méjì àbọ̀. Ìró kì í rìn ju nǹkan bí mítà 340 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọta yóò ti kọjá létí yín kí ẹ tó gbọ́ ìbọn tí ó jáde nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹ ó sì fi mọ bí ẹni tí ń yìn ín ṣe jìnnà tó. Nínú Arma, gbogbo èyí ni ẹ ó máa rò fún ọta kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ Kétu tí ó gbé ṣakabùlà wọ igbó mọ̀ pé ọta kan ni òun ní kí ẹran tó sá, nítorí náà ó ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ó ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹran náà, ó ń sún mọ́ ọn títí yóò fi dá a lójú. Ẹni tí ó bá ní irú sùúrù yẹn yóò rí i pé ọta kan tí ó ba ọ̀tá lẹ́yìn ìdajì wákàtí dùn ju ogójì tí ènìyàn pa nínú eré fàájì lọ.

Nínú Counter-Strike àti nínú àwọn Call of Duty ìgbà àkọ́kọ́, bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ọta ti dé. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni ó mú àwọn tí ó ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ìjà wọn kéré, ọ̀pọ̀ ìjà wọn ń wáyé láàárín mítà ogún sí àádọ́ta, níbi tí ọta gidi kò ní lò tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ìṣirò tí ojú kò lè rí, ìnáwó lásán ni fún kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí wọ́n ń fi ojú tín-ín-rín wo eré fàájì tún gbàgbé ohun kan. Ìbọn AK inú Counter-Strike máa ń tapadà ní ipa kan náà, ọta kejì, ọta kẹta, títí dé ọta ọgbọ̀n, kò yàtọ̀ lónìí sí bí ó ti rí lánàá. Ìbọn gidi kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ipa náà kì í yí padà, ènìyàn lè kọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún oṣù pípẹ́ títí ọwọ́ yóò fi máa fa ojú ìbọn sísàlẹ̀ lọ́nà tí ọta gbogbo yóò fi wọ ojú ihò kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni èyí, ó sì jinlẹ̀ débi pé àwọn kan ń fi í jẹun nínú ìdíje àgbáyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ pé òun ń tẹ̀síwájú láti oṣù dé oṣù, níbẹ̀ ni kí ó lọ. Nínú Squad, ènìyàn lè ṣe ohun gbogbo bí ó ti tọ́ kí àgbá tí kò rí ibi tí ó ti wá sì pa á.

Ohun tí ogun orí ẹ̀rọ fò dá

Ilé-iṣẹ́ Bohemia Interactive ti orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ẹ̀kì ni ó ṣe Arma. Operation Flashpoint ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, Arma 3 sì jáde ní ọdún 2013. Erékùṣù Altis tí ó wà nínú Arma 3 fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 270 níbùú lóròó. Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ lápapọ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Erékùṣù Lemnos ti ilẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n fi ṣe àwòṣe, ọ̀rọ̀ náà sì dà rú ní ọdún 2012 nígbà tí àwọn aláṣẹ Gíríìsì mú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì níbẹ̀, tí wọ́n fura sí wọn pé amí ni wọ́n, tí wọ́n sì tì wọ́n mọ́lé fún oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀. Láti inú iṣẹ́ kan náà ni VBS ti jáde, èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń fi kọ́ṣẹ́. Àwòrán Arma 3 sì jọ òtítọ́ débi pé ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà ní láti kìlọ̀ fún aráyé pé àwọn kan ń gbé fídíò eré náà káàkiri bí ẹni pé ogun Ukraine ni.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, yíyàn ni ìjọra náà ṣì jẹ́. Ẹni tí ó ṣe eré yàn láti mú ìwúwo ẹrù, jíjáwálẹ̀ ọta àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn; ó sì yàn láti fi ooru, ebi, kòkòrò, oorun tí kò tó, àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 2022 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti gbé iṣẹ́ ológun Mirador dìde ní àríwá, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì mọ̀ pé dídúró ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí eré kankan tí yóò ta dídúró. Bákan náà, díẹ̀ ni èyí tí ó ń béèrè ohun tí ó dé bá ìyá arúgbó tí ó ni ilé tí ẹ ń gbà ojú fèrèsé rẹ̀ yìnbọn: ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìjà Squad àti Hell Let Loose, àwọn ará abúlé kò sí ńlé rárá.

Nígbà mìíràn, ẹni tí ó yàn tún ní ohun tí ó ń wá. America's Army, tí ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2002 tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2022, ni wọ́n ṣe láti fa àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun. Ó le nínú ẹ̀kọ́: ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ olùtọ́jú ọgbẹ́ ní láti jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìjà, ikọ̀ méjèèjì ni ó ń rí ara wọn bí ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ẹni tí ó wà ní iwájú wọn ni ó máa ń rí bí ọ̀tá, nítorí náà kò sí ẹnì kankan tí ó jẹ́ ọ̀tá lójú ara rẹ̀. Mi ò sọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni sá. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tí ó bá yan eré nítorí pé òtítọ́ ni, mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ó ti bá a yan èyí tí yóò rí nínú òtítọ́ náà.

Iná, mẹ́gà àti ẹ̀rọ tí ó wà nílé

Níhìn-ín ni ìfiwéra tí àwọn ará Yúróòpù ń ṣe ti ń yapa sí tiwa. Okùn abẹ́ òkun SAT-3 àti ACE, tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, gúnlẹ̀ sí Kútọnù, ọ̀nà tí wọ́n gbà etí òkun lọ sí Yúróòpù sì ju 5,000 kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn náà ń lo ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá fún àlọ àti àbọ̀ 1,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí sáfà eré yín (kọ̀ǹpútà tí gbogbo eléré ń so mọ́) bá wà ní Paris tàbí Frankfurt, bí kọnẹ́kísọ́ọ̀n yín bá tilẹ̀ dára ju ti gbogbo àdúgbò lọ, ping yín (àkókò tí iṣẹ́ tí ẹ rán fi ń lọ sí sáfà tí èsì sì fi ń padà) kò lè sọ̀kalẹ̀ ju milisẹ́kọ́ǹdì àádọ́ta lọ; nígbà tí a bá fi ọ̀nà orí ilẹ̀ àti ẹ̀rọ alágbèéká kún un, ó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Èyí ń ṣe ìpalára fún eré fàájì ju èyí tí ó jọ ogun gidi lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò. Nínú Call of Duty, láti ọta àkọ́kọ́ títí dé ikú kì í sábà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹni tí ẹ ń bá jà bá wà nítòsí sáfà, yóò ti rí yín kí ẹ tó rí i, ẹ ó sì máa bínú sí ọwọ́ ara yín nígbà tí ó jẹ́ pé òkun ni ó pa yín. Nínú Squad, níbi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní mítà 200, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ẹnìkejì ni ó sábà ń borí, ìdádúró bẹ́ẹ̀ kì í ba nǹkan púpọ̀ jẹ́. Nínú Arma tí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín jọ ń bá àwọn ọmọ ogun tí kọ̀ǹpútà ń darí jà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìtumọ̀ kankan, ẹ tilẹ̀ lè ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ohun tí Squad àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń gba owó padà ni ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ káàdì àwòrán tí ó lágbára àti RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) gígábáìtì 16, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù tí ń ti Kútọnù wọlé kò ní. Arma 3 ti dàgbà, ó sì rọrùn díẹ̀ lára káàdì àwòrán, ṣùgbọ́n ó ń na ọpọlọ kọ̀ǹpútà gan-an bí ọmọ ogun bá ti pọ̀. Call of Duty ní tirẹ̀, mẹ́gà ni yóò jẹ tán: ìgbà kan wà tí Modern Warfare ti ọdún 2019 pẹ̀lú Warzone gbà ju gígábáìtì 200 lọ lórí ẹ̀rọ, àfikún tuntun sì ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí ń ra mẹ́gà lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Kí ó wá ọ̀rẹ́ tí ó ti gbà á sílẹ̀, kí ó da á kọ láti orí dísìkì.

Iná náà kò ṣeé fojú fò. Bí iná bá lọ nínú Call of Duty, ìjà ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ pàdánù. Bí ó bá lọ ní ìṣẹ́jú àádọ́rin Hell Let Loose, tí ẹ sì jẹ́ olórí ọ̀wọ́, ẹ ti pàdánù alẹ́ yín, ẹ sì ti já ènìyàn márùn-ún tí ń tẹ̀lé yín sójú pópó. Ní àdúgbò tí iná kò dúró, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì le dára ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó lágbára jù ú lọ.

Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa, fóònù ni ẹ̀rọ náà. PUBG Mobile wà láti ọdún 2018, Call of Duty: Mobile láti 2019, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Eré fàájì ni wọ́n pátápátá: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ran ìka yín lọ́wọ́ láti fa ojú ìbọn lọ sára ọ̀tá, kò sì yẹ kí ó ti ẹnikẹ́ni lójú, nítorí pé ìka àtàǹpàkò lórí gíláàsì kò lè ṣe iṣẹ́ tí manẹ́ẹ̀tì (ohun ìdarí eré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì mú) ń ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ àti àwọ̀ ìbọn tí wọ́n ń tà nínú wọn nìkan.

Àwọn tí ó wà láàárín

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo fún ẹni tí kò tíì mọ ibi tí òun wà, Insurgency: Sandstorm ti ọdún 2018 ni n ó mú. Ilẹ̀ ìjà rẹ̀ kéré, ìjà rẹ̀ kì í pẹ́, nítorí náà ikú kò wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ọta méjì tó pa yín, kò sí òǹkà ọta lójú ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá sì fi ìkánjú pààrọ̀ àpò ọta yóò ju àwọn tí ó kù nínú rẹ̀ nù. Ẹ lè bá àwọn ọ̀rẹ́ jọ dojú kọ àwọn tí kọ̀ǹpútà ń darí. Láàárín alẹ́ mélòó kan, ẹ ó mọ̀ bóyá ìnira yẹn ń dùn mọ́ yín tàbí ó ń bí yín nínú.

Battlefield, tí ó ti wà láti ọdún 2002, ní ọkọ̀ ogun onírin, bàálù àti ọta tí ń já wálẹ̀, ṣùgbọ́n fàájì ni ó ń sìn. BattleBit Remastered, tí ènìyàn mẹ́ta péré ṣe tí ó sì jáde ní ọdún 2023, gbé ènìyàn 254 sórí ilẹ̀ kan pẹ̀lú àwòrán onígun mẹ́rin tí kò wúwo rárá, nítorí náà kọ̀ǹpútà àlòkù lè gbé e. Ẹni tí kò ní kọnẹ́kísọ́ọ̀n kankan, bóyá tí ó wà ní abúlé kan lẹ́yìn òkè Ṣábẹ̀, kí ó wo Ravenfield: àwọn tí kọ̀ǹpútà ń darí nìkan ni yóò máa bá jà, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni fún mẹ́gà.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tí ó ní yàrá géèmù, tí àwọn ọmọ ń san owó ìdajì wákàtí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ronú kan Squad. Oníbàárà kò ní sanwó láti fi ẹsẹ̀ rìn. Call of Duty tí ènìyàn méjì lè jọ ṣe lójú amóhùnmáwòrán kan, tí ikú rẹ̀ kò gbà nǹkan kan, ni yóò máa pa owó. Kí ó rántí pé PEGI 18 (àmì pé ẹni ọdún méjìdínlógún sókè ni ó wà fún) ni ó wà lára páálí rẹ̀ ní Yúróòpù, pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó sì sábà ń wọlé pẹ̀lú owó ìpápánu lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù wà fún irú wọn.

Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n mọ ara wọn láti ilé-ìwé, tí ọ̀kan wà ní Kétu, tí òmíràn wà ní Kútọnù, àwọn ni Arma àti Squad yẹ jù lọ. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó gbé àwọn eré wọ̀nyí dúró: ẹni tí ó bá rí ọ̀tá yóò ka kọ́ńpáàsì, yóò pe òǹkà rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó rí àti bí ó ṣe jìnnà tó, kí ó sì panu mọ́ kí ẹlòmíràn lè sọ̀rọ̀. Lórí sáfà àwọn àlejò, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi ṣe èyí, kásíkì etí tí ó ní gbohùngbohùn sì pọn dandan. Láàárín ara yín, èdè ilé yín ni. Mo mọyì èyí ju gbogbo ìṣirò ọta lọ.

Ẹni tí ó dá wà, tí iṣẹ́ ń gba ọjọ́ rẹ̀, tí ó ní ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó sùn, kí ó mú eré fàájì láìbẹ̀rù ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó dá wà tí ó sì ní sùúrù, kí ó mú Arma 3, kí ó fi irinṣẹ́ inú rẹ̀ kọ́ ogun tirẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra láti orí Steam (ilé ìtajà eré kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), wọn yóò dá owó padà bí ẹ kò bá tíì lo wákàtí méjì nínú eré náà, tí ọjọ́ mẹ́rìnlá kò sì tíì kọjá. Fún eré fàájì, wákàtí méjì pọ̀ tó láti mọ bóyá ó dùn. Fún Squad tàbí Arma, kò tó, nítorí pé ẹ lè lo gbogbo rẹ̀ lórí mímọ bọ́tìnnì. Nítorí náà ẹ má ṣe fi wákàtí náà wá adùn nínú wọn. Ibi ìdánrawò ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí ẹ wò bóyá ẹ̀rọ yín ń gbé àwòrán náà láìdúró. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ sáfà kan tí ó kún, ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka ping yín, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ohùn àwọn ènìyàn ń dé etí yín láìjá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá kùnà, ẹ gba owó yín padà ní alẹ́ ọjọ́ náà.